Ìjókòó 2 nínú 240

Adil Zulfikarpašić, olóṣèlú Mùsùlùmí kan ní Bosnia, fìdí rẹmi nínú ìbò 1990, síbẹ̀ òun ló borí. Èrò tèmi nìyẹn, mo sì mọ̀ pé àwọn ọmọlẹ́yìn Alija Izetbegović, olórí ẹgbẹ́ tó fẹ̀yìn rẹ̀ gbálẹ̀, kò ní gbà.

Ìlú Foča ní Bosnia ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1921, ọmọ ilé ọlá. Ó jagun lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn Kọ́múníìsì Yugoslavia, orílẹ̀-èdè tí Bosnia wà nínú rẹ̀ nígbà náà, wọ́n fi í joyè nínú ìjọba, ṣùgbọ́n ní 1946 ó kẹ̀yìn sí wọn, ó sá lọ sókè òkun. Switzerland ló wá fi ṣe ilé.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tí wọ́n ń pe ẹ̀yà rẹ̀ ló gbájú mọ́ níbẹ̀. Nígbà ìkànìyàn 1948, Mùsùlùmí Bosnia lè kọ ara rẹ̀ sílẹ̀ bíi Serb tàbí Croat, àbí kó ní òun ò tíì yan ẹ̀yà. Ní 1971 ìjọba gbà pé ẹ̀yà ni wọ́n, àmọ́ “Musliman” ni wọ́n pè é, ìyẹn Mùsùlùmí lédè wọn. Fi M ńlá kọ ọ́, ẹ̀yà ni. Fi m kékeré kọ ọ́, ẹlẹ́sìn ni. Ẹ gbọ́ ná! Ẹni tí kì í kírun rárá lè jẹ́ Musliman, kí ará Albania tó ń kírun márùn-ún lójúmọ́ má jẹ́ ẹ. Zulfikarpašić ní Bošnjak, orúkọ tó ti ara Bosnia jáde, ni kí wọ́n máa jẹ́, kí orúkọ ẹ̀yà yàtọ̀ sí ti ẹ̀sìn.

Ó padà délé ní 1990, òun àti Izetbegović jọ dá ẹgbẹ́ òṣèlú SDA sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹsàn-án, ìjà ti dé: ó ní ẹ̀sìn ti pọ̀ jù níbi ìpolongo ìbò. Òun àti ọ̀jọ̀gbọ́n Muhamed Filipović bá lọ dá ẹgbẹ́ tiwọn, MBO, sílẹ̀. Mo bá a wí níbí. Oṣù Kọkànlá ni ìbò, SDA ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ dé abúlé, ọ̀pọ̀ ìmáàmù sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ta ló ń fi oṣù méjì kọ́ ẹgbẹ́? Nínú ìjókòó 240 ilé aṣòfin Bosnia, SDA kó 86, MBO mú 2.

Ní 1991 ó tún lọ bá Milošević, ààrẹ Serbia, àti Karadžić, olórí àwọn Serb Bosnia, dúnàádúrà: kí Bosnia má pín, kó wà pẹ̀lú Serbia nínú Yugoslavia. Izetbegović kọ́kọ́ fara mọ́ ọn, ó tún yí padà. Àwọn kan ní àdéhùn yẹn ìbá dènà ogun Bosnia tó bẹ̀rẹ̀ ní 1992. Irọ́ ni, lójú tèmi. Kí ni oníjòókòó 2 fẹ́ fi mú Milošević bó bá yẹ àdéhùn?

Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹsàn-án 1993, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Serb dó ti Sarajevo, olú ìlú Bosnia, àpéjọ kan níbẹ̀ gba orúkọ Bošnjak wọlé. Zulfikarpašić kú ní 2008. Nígbà ìkànìyàn 2013, nínú ọgọ́rùn-ún ará Bosnia, bí àádọ́ta ló kọ Bošnjak sílẹ̀, àti àwọn ọmọ SDA náà.