Àkísà Olówó Gọbọi

Àwọn àgbà ló sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tó bá mọ ibi tí àwọn àgbà yẹn wà, kó jọ̀ọ́ bá mi ké sí wọn, kí wọ́n wá wo yàrá ọmọ mi obìnrin. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Àkísà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti ju ti ìyá mi lọ, ìyá mi sì ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Aṣọ mẹ́rin tí mo rà fún un nígbà Kérésìmesì tó kọjá, ọ̀kan ti ya lábíyá, ọ̀kan ti súnkì débi pé ajá ilé kejì ló kù tó lè wọ̀ ọ́, ẹ̀kẹta ni bàbá rẹ̀ fi ń nu gíláàsì mọ́tò. Ẹ̀kẹrin ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀. Òun nìkan ló ṣì ń jẹ́ aṣọ, torí pé kò tíì rí omi.

Ní ti ìyá mi, ìró Hollandais kan wà nínú àpótí wọn tí bàbá wa rà fún wọn ní 1977, ọdún FESTAC. Iṣẹ́ ọwọ́ Vlisco ni, ilé iṣẹ́ tó ti wà ní ìlú Helmond ní Netherlands láti 1846. Ẹyẹ alápàńdẹ̀dẹ̀ ló ń fò lára rẹ̀. Àwọn ará Gánà ní ìtumọ̀ ẹyẹ yẹn ni pé owó ní ìyẹ́. Ìró yẹn ni wọ́n fi pọn èmi, òun ni wọ́n fi pọn àbúrò mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n ti fi ṣe òṣùká, wọ́n ti tẹ́ ẹ sílẹ̀ sùn, wọ́n ti fi bo orí lọ́jọ́ òjò. Bí ẹ bá tú u sílẹ̀ lónìí, ẹyẹ ṣì ń fò.

Èmi náà ra ẹyẹ lọ́dún tó kọjá. Ẹyẹ tèmi fò lóòótọ́. Inú omi àkọ́kọ́ ló ti fò lọ, kò sì padà mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí èmi àti ẹyẹ náà ṣe pàdé. Ọmọkùnrin ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fẹ́ gbéyàwó. Ìwé ìpè kọ́ ló kọ́kọ́ dé, iye aṣọ ni, lórí WhatsApp: "Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o. Aṣọ ẹbí ti jáde. ₦25,000 péré." Mo ti ṣàkíyèsí pé "péré" yìí kì í tẹ̀lé owó kékeré. Àwọ̀ rẹ̀ sì ní orúkọ. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, aṣọ pupa, pupa ni. Ní báyìí ó ti di wáìnì, ó ti di bọ́gọ́ńdì, ó ti di àwọ̀ àlùbọ́sà, orúkọ kọ̀ọ̀kan sì ní iye tirẹ̀.

Kí ẹ tó bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ pé mi ò rà: ẹ lọ sí ìnáwó láìwọ aṣọ ẹbí, kí ẹ wo bí abọ́ ìrẹsì ṣe máa gba iwájú yín kọjá. Ẹni tó wọ̀ ọ́ á gba ìrẹsì, ẹran méjì, mọ́ínmọ́ín, àti ike tí wọ́n lẹ àwòrán ọkọ àti ìyàwó mọ́. Ẹni tí kò wọ̀ ọ́ á gba "ẹ ṣé tẹ́ ẹ wá".

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ẹsẹ̀ gbé mi dé Gbági, ọjà aṣọ ńlá ti Ìbàdàn. Mo rí ẹyẹ mi lórí káńtà, òun pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí rẹ̀ bí ogójì. Mo béèrè iye rẹ̀. ₦14,500, mi ò sì tíì nájà rárá. Mo pe ọ̀rẹ́ mi, ìyá ọkọ, lórí fóònù, mo rọra bi í léèrè ibi tí ₦10,500 wọlé sí. Ó ní, "Ṣé ẹ gbàgbé gèlè ni?" Gèlè yẹn, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Bí èèyàn bá nà án sókè, á máa rí ojú ọ̀run.

Àlàájà tó ń ta ẹyẹ náà ní, "Ẹ fọwọ́ kàn án, oníbàárà mi. Orígínà ni." Mo fọwọ́ kàn án. Sítáàṣì ti mú un le, ó dúró ṣánṣán bí sójà tí ọ̀gá rẹ̀ ń bọ̀. Irú rẹ̀ yìí, omi kan péré, á rọ bí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àná. Mo wá rántí pé ẹni tó bá ní òun máa dáṣọ fúnni, tọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Mo wo tọrùn Àlàájà. Àńkárá àtijọ́ ni, ó nípọn, àwọ̀ rẹ̀ ṣì ń dán.

Mo ní, "Àlàájà, irú èyí tó wà lọ́rùn yín yìí ńkọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Háà, ìyẹn kì í ṣe títà. Ìyẹn, wíwọ̀ ni."

Bí ẹ bá béèrè ìdí tí aṣọ fi wọ́n, ìdáhùn kan ló wà lẹ́nu gbogbo wọn: dọ́là. Òótọ́ wà níbẹ̀. Oṣù kẹfà ọdún 2023 ni ìjọba tú náírà sílẹ̀. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí ₦460 lọ́jà ìjọba nígbà náà ti kọjá ₦1,500 nígbà tó fi di oṣù kejì ọdún 2024. Aṣọ tó ń ti Ṣáínà bọ̀ ò lè dúró lójú kan, mo gbà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹnì kan là yé mi ni bí dọ́là ṣe dé inú òwú. Ká ní aṣọ àná gan-an ló wá wọ́n, mi ò bá ní ayé le, mi ò bá sanwó mi. Àmọ́ owó gòkè, aṣọ fúyẹ́, àwọ̀ ń ṣí. Àbí dọ́là ló ń jẹ òwú ni? Ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti ń rẹ aṣọ láti ayé àwọn ìyá ìyá wa, àdìrẹ tí kò fojú kan aró rí ti wà lórí àtẹ. Ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́ lókè òkun. Bí ẹ bá ní kò ṣí, wọ́n á ní ìdí tó fi dáa nìyẹn. Bí ẹ bá ní ó ṣí, wọ́n á ní ẹ̀rí pé àdìrẹ gidi ni nìyẹn.

Mo gbé ẹyẹ lọ fún télọ̀. Ó na tépù sí i, ó tún un nà, ó wò mí lójú.

"Mọ́mì, yáàdì mélòó ni wọ́n pè é?"

"Mẹ́fà."

"Mẹ́fà ẹnu nìyẹn. Tépù ní márùn-ún àti ààbọ̀, ó tún fẹ́ dín."

Bí apá bùbá mi ṣe kúrú nìyẹn. A fẹnu kò pé ká máa pè é ní sítáìlì.

Télọ̀ náà ò mọ́ lọ́rùn o. Láyé ìgbà kan, télọ̀ máa ń fi aṣọ tó tó ìka méjì sílẹ̀ nínú ojú ìránṣọ. Bí obìnrin bá bímọ tó sanra, wọ́n á tú u, wọ́n á fẹ̀ ẹ́, ayé ń lọ. Èyí tó wà nínú tèmi ò fẹ̀ ju èékánná lọ. Ẹni tó bá jẹ iyán lálẹ́ méjì léra wọn ti pàdánù aṣọ. Owó ìránṣọ ńkọ́? Ó fẹ́ẹ̀ tó owó aṣọ. Ó ní jẹnẹrétọ̀ ń jẹ epo. Òun náà ti rí dọ́là tirẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó kìlọ̀ fún mi: "Mọ́mì, ẹ má fi máṣíìnì fọ̀ ọ́ o. Ẹ má sì fọwọ́ bó o. Ẹ má sá a sóòrùn. Áyọ́ọ̀nù, kó má gbóná jù." Mo ní kí wá ni kí n fi ṣe? Ọmọ náà wò mí bí ẹni tó ń wo ará oko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò. Ó ní, "Ẹ wọ̀ ọ́, ẹ ya fọ́tò."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá, ọmọ yẹn ti sọ ọ́ tán. Láti aago méjìlá ọ̀sán Sátidé títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ṣe aṣọ yìí fún. Kó sáà dán lójú kámẹ́rà, kó má ya kí wọ́n tó náwó fún ọkọ àti ìyàwó. Àwọn tó ń ṣe é ò tàn wá jẹ. Wọ́n ti wò wá sùn-ún, wọ́n ti rí i pé a kì í wọ aṣọ ẹbí kan dé òde méjì, torí ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n rí òun níbi òkú oṣù yìí nínú aṣọ ìgbéyàwó oṣù tó kọjá? Wọ́n á ní kò láṣọ. Wọ́n wá bi ara wọn pé òwú tó ń pẹ́, kí la fẹ́ fi ṣe fún irú àwọn wọ̀nyí.

Lọ́jọ́ ìnáwó, léèsì olókùúta ni àwọn ẹbí ọkọ wọ̀. Mo ń jẹ ìrẹsì mi jẹ́jẹ́, eyín mi kan òkúta. Mo ní ó dáa, Ọ̀fàdà ni wọ́n sè, ẹni tó ṣà á ni kò ṣà á dáadáa. Mo tu ú sọ́wọ́. Òkúta ń tàn yanran! Mo gbójú sókè, mo rí ìyá tó gbé ìrẹsì fún mi tó ń yan lọ, èjìká léèsì rẹ̀ ti pá bí orí bàbá àgbà, àwọn ọmọdé sì ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, wọ́n ń ṣa òkúta bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo.

Ìyá yẹn á búra pé Switzerland lòun rà. Ọ̀rọ̀ Switzerland yìí náà ń pa mí lẹ́rìn-ín. Púpọ̀ nínú léèsì tí àwọn ìyá wa fi jó láyé owó epo, Lustenau ní Austria ni wọ́n ti ṣe é. Àwa ń pariwo Switzerland, àwọn ará Austria ò bá wa jiyàn, owó ni wọ́n ń kà. Léèsì ìgbà yẹn ṣì wà nínú àpótí kiri, ọmọ ń bá ọmọ jà lórí rẹ̀ bí ìyá bá kú. Switzerland òde òní, Guangzhou ní Ṣáínà ló wà.

Àwa náà hun aṣọ rí o. Nígbà tí UNTL, ilé iṣẹ́ ahunṣọ tó wà ní Kàdúná, ti ilẹ̀kùn ní 2007, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ló padà sílé. Ní Ìsọlọ̀ l'Ékòó, ilé iṣẹ́ Aswani ń hun aṣọ nígbà kan. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló kù, ọjà ló ń jẹ́ ẹ. Bí ẹ bá débẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òkìríkà ni ẹ óò bá ní òkìtì-òkìtì. Òfin kọ́sítọ́ọ̀mù ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kó o wọ̀lú, Kútọnu sì ní kò sí wàhálà.

Mi ò kẹ́gàn òkìríkà o. Ṣẹ́ẹ̀tì tó pẹ́ jù lọ́wọ́ ọmọ mi yìí, ọjà òkìríkà Kàtáńgùwà l'Ékòó ló ti rà á. Òyìnbó kan ti wọ̀ ọ́ títí ó fi sú u, síbẹ̀ ó lágbára ju tuntun wa lọ. Ṣùgbọ́n ìyẹn náà ti ń kú lọ. Àbúrò mi tó wà ní Peckham ní London ní súwẹ́tà tí òun ń rà tẹ́lẹ̀, òwú àgùntàn ni. Èyí tí wọ́n ń kó síta báyìí, pọlísítà ni, owó rẹ̀ sì ti lé sí i. Ohun tí wọ́n bá sì wọ̀ lọ́hùn-ún lónìí ni àwa máa tú nínú bélì lọ́túnla. Ẹ sì mọ̀ pé epo rọ̀bì ni wọ́n fi ń ṣe pọlísítà. A ta epo fún wọn, ó padà wá bá wa ní bùbá, a fi dọ́là rà á. Bí èyí ò bá pa yín lẹ́rìn-ín, mi ò mọ ohun tó máa pa yín lẹ́rìn-ín mọ́.

Ọjọ́ Ajé lẹ́yìn ìnáwó ni mo ki ìró mi bọ omi. Mi ò tíì fi ọṣẹ kàn án. Omi náà kọ́kọ́ rí bíi tíì, ó di búlúù, ó wá dúdú bí omi aró. Mo fà á jáde. Àwọn ẹyẹ tó wà láàárín ti ń ṣá, àwọn tó wà létí ti di àbàwọ́n. Nígbà tí mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ojú ọ̀run ṣófo. Síńgílẹ́ẹ̀tì ọkọ mi tó wà nínú omi kan náà ni gbogbo ẹyẹ lọ bà lé.

Mo ní kò burú, mo ti di ẹni tó ní àkísà ₦25,000. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, omi dà sílẹ̀ nílé ìdáná, mo fà á yọ, mo fi nu ilẹ̀. Omi ò wọ inú rẹ̀. Mo tì í síwájú, omi lọ síwájú. Mo fà á sẹ́yìn, omi tẹ̀lé e padà. Ìyá mi jókòó sórí àpótí, wọ́n ń wò mí.

"Kí lò ń fi omi yẹn ṣe?"

"Mò ń nù ún ni, Màámi."

"O ò nù ún. Ò ń mú un rìn kiri ni. Lọ mú àkísà wá."

"Àkísà nìyí."

Wọ́n na ọwọ́, wọ́n gbà á, wọ́n fi ìka méjì fọn etí rẹ̀, wọ́n dá a padà fún mi. Wọ́n ní, "Èyí ò tíì tó àkísà."

Fóònù mi dún lórí tábìlì. "Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o, aṣọ ẹbí òkú bàbá wa ti jáde, ₦32,000 péré." Mo fi ọwọ́ tútù ṣí àwòrán rẹ̀. Ẹyẹ ni.