Abẹ́ Tó Ń Yúnni Kì í Ṣe Ẹ̀rí Ọ̀bùn

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n kan tí mo bọ̀wọ̀ fún tún sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé ẹni tó bá ń wẹ̀ bó ti yẹ, abẹ́ kò lè yún un láé. Ọ̀dọ́kùnrin tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí wà ní ìjókòó, ó sì sorí kọ́. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ti sú mi pátápátá, nítorí pé yàtọ̀ sí pé ó ń dójú tini, ó ń sọ àìsàn kékeré tí ìpara ọ̀sẹ̀ mélòó kan lè wò di ohun tí ènìyàn ń fi pa mọ́ fún oṣù 6.

Èmi gan-an mọ̀ ọ́n. Nígbà tí kọ̀rọ̀ itan mi kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, ohun tí wọ́n ti kọ́ mi náà ni mo ṣe: mo ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, mo ń fi kànrìnkàn ha ibẹ̀, mo sì ń da oògùn apakòkòrò sínú omi ìwẹ̀. Bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ tó ni ó ń tàn tó, títí tó fi di pé mi ò lè rìn kí n má ya ẹsẹ̀. Nígbà tí mo gbé ìtìjú tì, tí mo lọ rí dókítà awọ ara, ohun àkọ́kọ́ tó ní kí n ṣe ni pé kí n bọ́ bàtà. Àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ló wò, níbi tí awọ ti ń bó láti ọdún tó ṣáájú tí mi ò sì kà á sí. Làpálàpá ló wà níbẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo ń fi aṣọ ìnura kan náà gbé e láti ẹsẹ̀ lọ sí itan, tí mo tún ń fi pátá wọ́ ọ gòkè nígbàkúgbà tí mo bá ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó ní kí n máa wọ ìbọ̀sẹ̀ ṣáájú pátá, kí n sì tọ́jú ẹsẹ̀ pọ̀ mọ́ itan. Ìwẹ̀ wo ni ìbá tán irú ìyẹn?

Fọ́ńgọ́ọ̀sì, ìyẹn ohun abẹ̀mí tín-tìn-tín tó jẹ́ ẹbí èbu ara búrẹ́dì, ló ń fa làpálàpá kọ̀rọ̀ itan, èyí tó sì wọ́pọ̀ jù nínú wọn ni Trichophyton rubrum. Ìdọ̀tí kọ́ ni oúnjẹ rẹ̀. Kẹ́rátínì ló ń jẹ, èròjà tí ó mú kí awọ òkè, irun àti èékánná wa le, ẹni tó mọ́ tónítóní sì ní in lára gẹ́gẹ́ bí ọ̀bùn ti ní in. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń fún un láyè, ìdí nìyẹn tó fi máa ń yọ àwọn eléré ìdárayá lẹ́nu, àwọn tó ń wẹ̀ ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Ẹni tó bá wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, tí kò nu itan gbẹ, tó wá fi aṣọ tó fún bò ó, ńṣe ló ń bomi rin ohun tó fẹ́ pa. Ọṣẹ líle náà kò ṣe wá lóore: ìwọ̀n pH, èyí tí a fi ń mọ bí nǹkan ti kan tó, máa ń wà ní nǹkan bí 5 lára awọ, ti ọ̀pọ̀ ọṣẹ sì máa ń tó 9 tàbí 10, nítorí náà bí a ṣe ń ha ibẹ̀ ni a ń bó ààbò ara fúnra rẹ̀ kúrò. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí kò sí làpálàpá lára wọn rárá; ọṣẹ olóòórùn dídùn àti oògùn apakòkòrò náà gan-an ló ń yún wọn.

Àwọn tó gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ á ní nígbà tí àwọn mú ìwẹ̀ le ni tiwọn lọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé fífọ òógùn kúrò àti pípààrọ̀ aṣọ ń ṣèrànwọ́. Ti àwọn tó ń sọ pé àìsàn ìṣekúṣe ni, mi ò ní fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń yúnni níbẹ̀ ni làpálàpá. Etí làpálàpá sábà máa ń yọ sókè bí òrùka, kì í sì í sábà kan awọ ẹpọ̀n. Bí ibẹ̀ náà bá bó, tí kókó wẹ́wẹ́ sì yí i ká, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kandídà, fọ́ńgọ́ọ̀sì irú mìíràn. Bakitéríà kan wà pẹ̀lú tó ń mú kí ibẹ̀ ní àbàwọ́n tó rí bí ilẹ̀ pupa. Lára awọ dúdú, kí ẹ má retí pé yóò pọ́n gẹ́gẹ́ bí àwòrán inú ìwé; ó lè kàn dúdú sí i.

Ìpara clotrimazole tàbí terbinafine ló ń wo làpálàpá, ó sì yẹ kí a lò ó dé iye ọjọ́ tí wọ́n dá, kódà bí yíyún ti dáwọ́ dúró. Ẹ sá fún ìpara àdàlù tó ní sítẹ́rọ́ìdì nínú, ìyẹn oògùn tó ń pa yíyún àti wíwú lẹ́nu mọ́ láìpa fọ́ńgọ́ọ̀sì. Láàárín ọjọ́ 2, yíyún á rọlẹ̀, ẹ ó rò pé ó ti tán, bẹ́ẹ̀ fọ́ńgọ́ọ̀sì náà ń gbilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, awọ itan á sì fẹ́lẹ́, á ya ní ilà tí kì í parẹ́.

Bí ìpara kò bá ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, tàbí tí egbò, ìléròrò tàbí ọyún bá yọ, ẹ lọ rí dókítà. Bí ó bá ń padà wá ṣáá, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò, nítorí àtọ̀gbẹ máa ń fara hàn báyìí. Bí gbogbo ilé bá ń yún ara lóru, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kúrúnà, gbogbo yín lẹ ó sì jọ gba ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n bí abẹ́ bá wú, tí ibà dé, tí ìrora náà ju ohun tí ojú rí lọ, tàbí tí awọ bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú tó sì ń rùn, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.