Kì Í Ṣe Gbogbo Kọ́-kọ́-kọ́ Ni Ṣọ́kì

Kí ẹ̀yìn ọkọ̀ yín ṣáà ti dún kọ́-kọ́-kọ́ nínú kòtò kan ní Kubwa níbí, kí ẹ wá bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tó ń ṣe é. Aládùúgbò yín, ẹni tí ẹ gbé lójú ọ̀nà, ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì tí kò tíì fọwọ́ kan táyà, ohun kan náà ni gbogbo wọn á sọ: “Ṣọ́kì ẹ̀yìn ti lọ.” Èmi náà gbà á gbọ́ fún ọdún púpọ̀. Mẹkáníìkì kan ní, “Mọ́mì, ẹ pààrọ̀ méjèèjì, ó tán.” Mo ra ṣọ́kì méjì sí Camry 2005 mi, mo sanwó iṣẹ́, mo gbé ọkọ̀ jáde. Kọ́-kọ́-kọ́ yẹn bá mi bọ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ títí dé ẹnu géètì ilé mi. Ó dùn mí wọra, torí inú owó ilé ìwé ọmọ ni mo ti yọ owó ṣọ́kì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ṣọ́kì ń ṣe. Ṣọ́kì kọ́ ló gbé ọkọ̀ dúró, sípíríǹgì ni. Tí táyà bá já sí kòtò, sípíríǹgì á sún kì, á sì ta ọkọ̀ padà sókè. Bí kò bá sí ohun tó dì í mú, á máa ta á lọ, á máa ta á bọ̀. Ṣọ́kì ló ń dì í mú. Òróró wà nínú rẹ̀ tó ń gba ojú ihò tín-ín-rín kọjá, wàhálà tí òróró yẹn ń ṣe kó tó kọjá ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ máa fò. Nítorí náà, tí ṣọ́kì bá kú, jíjó ni ọkọ̀ máa ń jó. Ẹ̀yìn á máa mì lọ mì bọ̀ lórí eré, táyà á máa jẹ ní abala-abala, ọkọ̀ ò ní fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa tí ẹ bá tẹ bíréèkì. Ewu gidi ni, pàápàá fún ẹni tó ń rin ọ̀nà Lokoja. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ṣọ́kì ló ń kú láìfọhùn rárá. Ẹlòmíràn ń gbé òkú ṣọ́kì kiri, kò sì mọ̀, nítorí ariwo ló ń dúró dè.

Mi ò sọ pé ṣọ́kì kì í dún láéláé. Rọ́bà orí rẹ̀ lè jẹ, nọ́ọ̀tì òkè lè tú, búùṣì ìsàlẹ̀, ìyẹn rọ́bà tí wọ́n fi sáàárín irin àti irin, lè gbó, ṣọ́kì tó bàjẹ́ kọjá ààlà sì lè máa kan nínú. Ìró tiwọn máa ń wúwo: gbì, gbì. Àwa tí a ń sọ Yorùbá ò ṣaláìní ọ̀rọ̀ fún ìró, ẹ lò ó! Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ má kàn sọ pé “ó ń pariwo”. Ẹ sọ bó ṣe ń dún. Wọ́nrán-wọ́nrán bíi páànù tí afẹ́fẹ́ ń gbọ̀n, tó sì ń dún nígbà tí ọkọ̀ dúró tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kò kan ẹsẹ̀ ọkọ̀ rárá. Páànù pẹlẹbẹ tó bo sálẹ́ńsà ni, tàbí rọ́bà tí wọ́n fi gbé sálẹ́ńsà kọ́ ló ti já. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, kí ẹ fi ẹ̀yìn ìka gbá a, ẹ óò gbọ́ ọ.

Bí èmi ṣe rí tèmi nìyí. Ní àárọ̀ Sátidé kan, èmi àti ọmọkùnrin mi kó gbogbo ohun tó wà nínú búùtù sílẹ̀: táyà àpọ́jù, jáàkì, wíìlì sípánà, sí-kọ́ṣọ̀n, ike ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì tó kù díẹ̀. Ẹ má fojú di èyí. Jáàkì tí kò sí nínú ihò rẹ̀ lè fi ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣe ìlù. Ọmọ jókòó sẹ́yìn, ó tẹ́tí, mo rọra wakọ̀ gba ojú ọ̀nà eléruku tó wà lẹ́yìn ilé wa. Ariwo ṣì wà. Mo gba ibì kan náà lẹ́ẹ̀kejì, mo fẹsẹ̀ kan bíréèkì díẹ̀. Ká ní ariwo dákẹ́ níbẹ̀ ni, páàdì bíréèkì tó ń mì nínú ilé rẹ̀ ni mi ò bá kọ́kọ́ wò. Kò dákẹ́.

Bọ́ǹpù ló wá túdìí àṣírí. Mo gun ọ̀kan ní tààrà, táyà ẹ̀yìn méjèèjì gùn ún pọ̀, wọ́n sọ̀ pọ̀. Ọkọ̀ dákẹ́ lọ gbári. Mo yí padà, mo gba etí bọ́ǹpù kan náà, táyà ọ̀tún nìkan ló gùn ún. Kọ́-kọ́-kọ́! Ọmọ pariwo láti ẹ̀yìn pé, “Mọ́mì, apá ọ̀tún ni!”

Ìdí rẹ̀ rèé. Ọ̀pá irin kan wà lábẹ́ ẹ̀yìn Camry tó so apá ọ̀tún pọ̀ mọ́ òsì, kí ọkọ̀ má baà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ tí a bá ń kọ kọ́nà. Irin kékeré tí wọ́n fi so orí ọ̀pá yẹn mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní línkéèjì. Tí táyà méjèèjì bá gòkè pọ̀, ọ̀pá náà á bá wọn lọ láìlọ́, línkéèjì ò rí iṣẹ́ tó pọ̀ ṣe. Tó bá jẹ́ táyà kan ló gòkè, ọ̀pá á lọ́, á fa línkéèjì, èyí tó bá ti jẹ lára wọn á sì sọ̀rọ̀. Ṣọ́kì ò mọ ìyàtọ̀ yẹn. Bóyá táyà kan ló gòkè tàbí méjì, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.

A dé ilé, mo pa ẹ́ńjìnnì lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, mo fi òkúta dí táyà. Mi ò fi jáàkì gbé e: tí táyà kan bá wà lókè, ọ̀pá yẹn á fa línkéèjì le, a ò sì ní mọ̀ pé ó jẹ. Mo nawọ́ gba ẹ̀yìn táyà ọ̀tún, mo di línkéèjì mú láàárín, mo jì í. Ó mì lọ́wọ́ mi bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà tó fẹ́ bọ́. Rọ́bà tó bo orí rẹ̀ ti ya, eruku pupa ti kún inú rẹ̀. Mo lọ sí apá òsì, mo jì í, gírígírí ni. Gbogbo rẹ̀ ò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, tó bá di dandan kí ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀, ẹ má fẹ̀mí yín lé jáàkì nìkan lọ́wọ́. Ẹ wá àgà irin tí wọ́n ṣe fún un, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ní in.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa Corolla 2003 sí 2008 tó kún ìgboro wa, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ díẹ̀. Ìdábùú irin kan ṣoṣo ló so táyà ẹ̀yìn yín pọ̀, kò ní línkéèjì lẹ́yìn. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta línkéèjì ẹ̀yìn fún yín, ẹ ní kó fi ibi tó fẹ́ fi í sí hàn yín. Búùṣì ńlá méjì tó di ìdábùú yẹn mú ni kí ẹ wò. Bí ẹ bá sì pààrọ̀ wọn, ẹ dúró ti mẹkáníìkì: kí wọ́n má fún bọ́ọ̀tì wọn pa nígbà tí táyà ṣì ń fì lókè. Ẹrù ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí táyà kí wọ́n tó fún un le, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ rọ́bà náà á wà ní lílọ́ títí ayé rẹ̀, á sì tètè ya.

Tó bá jẹ́ ṣọ́kì lẹ fura sí ní tòótọ́, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i lára. Ọ̀rinrin fẹ́ẹ́rẹ́ kò burú. Àmọ́ bí òróró bá ń ṣàn wálẹ̀, tí eruku ọyẹ́ sì ti lẹ̀ mọ́ ọn di ẹrẹ̀ dúdú, ó ti parí. Ẹ tún lè fi gbogbo ara tẹ igun búùtù wálẹ̀, kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀ lójijì. Èyí tó bá dìde tó dúró jẹ́ẹ́ ṣì ní agbára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣọ́kì tó ti rẹ̀ díẹ̀ lè yege níbẹ̀. Èyí tó bá ń fò léraléra, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, tọ̀tún tòsì pọ̀.

Línkéèjì méjì ni mo rà níkẹyìn, owó rẹ̀ ò sún mọ́ ti ṣọ́kì rárá. Ariwo dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn ṣọ́kì àtijọ́ tí wọ́n yọ ṣì wà ní sítọ̀ mi. Mo gbé ọ̀kan jáde lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo fọwọ́ méjèèjì tẹ ọ̀pá rẹ̀ wọlé. Ó rọra wọlé, ó le dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì tún rọra dìde padà fúnra rẹ̀. Kò sí ẹ̀kán òróró kan lára rẹ̀.