Mimiko ò ti ọsibítù bọ́ sórí àga gómìnà o
Ẹ gbà mí o, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kiri lórí WhatsApp yẹn, pé Mimiko kàn bọ́ aṣọ dókítà sílẹ̀ ló bá di gómìnà Oǹdó, irọ́ ni jàre. Dókítà ni lóòótọ́, Ifẹ̀ ló ti kàwé ẹ̀, àmọ́ ó ti ṣe kọmíṣọ́nnà ètò ìlera lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣe akọ̀wé ìjọba ìpínlẹ̀, wọ́n tún fi ṣe mínísítà l'Ábújá ní 2005. Ìbò 2007 ńkọ́? Agagu tó wà lórí àga gómìnà nígbà yẹn ni INEC kéde pé ó wọlé, Ìrókò, ìyẹn Mimiko, bá gba kóòtù lọ, ẹjọ́ yẹn fà títí di February 2009 kí Mimiko tó di gómìnà, ibi tọ́rọ̀ ti dùn gan-an nìyẹn, wọ́n sì fò ó!