Kì í ṣe rìbá nìkan ló ń darí adájọ́

Bí ìdájọ́ kan ò bá ti tẹ́ wa lọ́rùn ní Èkó yìí, ohun kan náà la máa ń sọ: "Wọ́n ti ki owó bọ adájọ́ lápò." Lánàá, nínú dánfó láti Yábàá sí Oyíngbò, gbogbo èrò ọkọ̀, títí kan kọ̀ndọ́, ló fẹnu kò sí i. Inú bí mi gan-an.

Mi ò ní adájọ́ kì í gba rìbá o. NJC, ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó àwọn adájọ́ Nàìjíríà, ti dábàá pé kí wọ́n yọ àwọn kan nípò lórí owó. Àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ìyá alákàrà àdúgbò wa ò ní kọ́bọ̀ nínú.

Alẹ́ ọjọ́ kan náà ni ọlọ́pàá kó òun àti ọmọkùnrin mìíràn ní bọ́sítọ́ọ̀bù kan náà. Ẹ̀sùn kan náà ni: wọ́n da àlàáfíà ìlú rú. Kóòtù májísíréètì kan lápá Mainland ni wọ́n gbé wọn lọ, mo sì tẹ̀ lé ìyá rẹ̀. Àárọ̀ kùtù ni wọ́n pe ti ọmọ kejì. Lọ́yà rẹ̀ dìde, ó sọ̀rọ̀. Májísíréètì gbọ́ ọ délẹ̀, ó bi ọmọ náà léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, ó fún un ní béèlì ₦50,000 pẹ̀lú onídùúró kan.

Oòrùn ti kan àtàrí kí wọ́n tó pe tiwa. Wọ́n ti mú iná lọ, fáànù dúró. Ọwọ́ ni màmá májísíréètì yẹn fi ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ láti àárọ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ kóòtù wa. Mo rí i tó gbé bíírò sílẹ̀, tó ń fún ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀, tó wo aago ara ògiri, tó tún mú bíírò. Kò gbójú sókè wo ọmọ náà rárá. Béèlì ₦200,000, onídùúró méjì, kí ọ̀kan nílé l'Ékòó, kí èkejì jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ní ìwé owó orí ọdún mẹ́ta. Fún ọmọ tó ń ru ẹrù lọ́jà! Ọgbà ẹ̀wọ̀n Ìkòyí ló sùn, ibi tí wọ́n kọ́ fún èèyàn 800, tó ti kún àkúnya tipẹ́. Bẹ́ẹ̀ abala 36 ìwé òfin wa ní aláìṣẹ̀ ni títí ẹ̀rí yóò fi dá a lẹ́bi.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, adájọ́ náà sì ní inú tí ebi ń wọ̀. Ní 2011, àwọn onímọ̀ kan gbé ìpinnu 1,112 yẹ̀ wò, ti àwọn adájọ́ Ísírẹ́lì tó ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ẹlẹ́wọ̀n tó fẹ́ kí wọ́n tú òun sílẹ̀ ṣáájú àsìkò. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó, tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán, nǹkan bí 65 nínú 100 ló ń rí ojúure. Bí àkókò oúnjẹ bá ti ń sún mọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń rí i. Mo ti fi eléyìí pa ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu mọ́.

Àmọ́ ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn. Lọ́dún yẹn náà, àwọn mìíràn dìde pé kì í ṣe ebi: àwọn tí ò ní lọ́yà ni wọ́n sábà máa ń fi sẹ́yìn títí àsìkò ìsinmi. Tiwa náà ńkọ́? Bí SAN, àgbà lọ́yà tó gboyè jù, bá wọ kóòtù, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti mẹ́nu ba àwọn ẹjọ́ tirẹ̀ kan ṣáájú àwọn tó kù. Lọ́yà kékeré tẹ̀ lé e. Ta ló kù? Ọmọ ìyá alákàrà ò ní lọ́yà. Bí iná bá wà, tí màmá májísíréètì yẹn sì ti jẹun yó, ṣé yóò gbójú sókè? Kò dá mi lójú mọ́.

OPD, ilé iṣẹ́ lọ́yà ìjọba Èkó fún aráàlú, wà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gbẹjọ́ tálákà rò. Ìyá alákàrà ò gbọ́ orúkọ wọn rí títí wọ́n fi gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Ta ló yẹ kó sọ fún un nínú kóòtù yẹn, akọ̀wé ni, ọlọ́pàá ni, àbí adájọ́ fúnra rẹ̀?