Èsì wa sí Àlàájà tó ra férémù Làńtànà

Àlàájà wa, a kí yín, a sì dúpẹ́ pé ẹ ráyè kọ̀wé nípa wa. Èmi tí mo ni ṣọ́ọ̀bù ni mo jókòó kọ èsì yìí fúnra mi, nítorí àwọn mìíràn tó fẹ́ ra awò ojú lọ́wọ́ wa yóò ka ohun tí ẹ kọ ní ọjọ́ 3 Oṣù Keje, ó sì yẹ kí wọ́n mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ gan-an.

Ìràwọ̀ kan ṣoṣo lẹ fún wa nínú márùn-ún. Ẹ ní férémù Làńtànà tí ẹ rà ní ₦48,000 kò pupa bíi ti orí fóònù, pé ìlà dúdú wà lára rẹ̀ bí ohun tó dọ̀tí, àti pé kò pé oṣù kan tó fi fẹ̀, tó ń yọ̀ bọ́ sí imú. Ẹ tún fẹjọ́ ọmọbìnrin tó ń bá wa tajà sùn. Màá dé orí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí àwọ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló dùn mí jù. Àwọn férémù wa kì í kàn jẹ́ orúkọ tó dùn létí. Èyí tí a pè ní Òkèlele ní àwọ̀ amọ̀ tí iná ti jó, nítorí àwọn obìnrin tó ń mọ ìkòkò ní àdúgbò náà. Èyí tí a pè ní Èsìẹ́ ní àwọ̀ eérú, nítorí àwọn ère òkúta tó lé ní 1,000 tó wà nínú mùsíọ́ọ̀mù ìlú náà, tí wọ́n ṣí ní 1945, tó sì jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Làńtànà tí ẹ mú jẹ́ orúkọ ìlẹ̀kẹ̀ pupa tí àwọn bàbá wa ń ṣe ní Ìlọrin, iṣẹ́ tó bá àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ti Ọ̀yọ́-Ilé dé ibí. Òkúta ni wọ́n ń fọ́, wọ́n á fi irin dá ihò sí i, wọ́n á sì máa fi í ha ara òkúta mìíràn títí yóò fi máa dán. Àlàájà, ẹni tó bá ti di ojúlówó làńtànà mú rí mọ̀ pé pupa rẹ̀ kì í ṣe pupa ọ̀dà. Ó ń ṣú níbì kan, ó ń mọ́ níbòmíràn, ìlà sì ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Ìlà tí ẹ pè ní ìdọ̀tí yìí gan-an ni a sanwó lé lórí nígbà tí a ń ra asítéètì, ìyẹn irú ike tí a fi ṣe férémù náà, nítorí èyí tó pupa fòò láìní ìlà wà lọ́jà, kò sì tó ìdajì iye yẹn. Láti ara pátákó ike náà ni wọ́n ti ń gé e, nítorí náà kò sí méjì tí ìlà wọn dọ́gba. A kọ èyí sábẹ́ àwòrán rẹ̀. Mo gbà pé lẹ́tà rẹ̀ kéré.

Ní ti pé ó fẹ̀, ìwé iṣẹ́ wa wà níwájú mi báyìí. Ọjọ́ 12 Oṣù Karùn-ún 2025 lẹ wá. Ọ̀gá tó ń bá wa wọn ojú, tó ti lo ọdún 19 nídìí iṣẹ́ yìí, sọ fún yín pé férémù tí dígí rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 50 ló bá ojú yín mu. Ẹ ní 54 lẹ fẹ́, nítorí pé ó bo ojú dáadáa. Àgbà kì í jiyàn pẹ̀lú oníbàárà, a ṣe 54. Ó wà nínú apá rẹ̀ títí di òní, 54-18-140: fífẹ̀ dígí, àlàfo orí imú, àti gígùn apá ní mìlímítà. A ṣèlérí ọjọ́ Ẹtì, 23, ṣùgbọ́n ọjọ́ Ajé, 26, ló tó dé ọwọ́ yín. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ẹ̀bi wa ni, ẹ má bínú. Ẹ kò tilẹ̀ mẹ́nu bà á.

Nígbà tí ẹ mú un padà wá ní ọjọ́ 19 Oṣù Kẹfà, ọ̀gá wa dojú awò náà dé lórí tábìlì: apá òsì jókòó, apá ọ̀tún gbé ara sókè tó ìka kan. Ó béèrè ibi tí ẹ gbé e sí. Ẹ̀yin gan-an lẹ dáhùn pé orí dáṣíbọ́ọ̀dù ni, nígbà tí ẹ wọ Ọjà Ọba lọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ooru ni a fi ń tẹ asítéètì kó lè bá orí ènìyàn mu. Ooru kan náà ló ń dà á rú nígbà tí oòrùn Ìlọrin bá bá a lẹ́yìn gíláàsì ọkọ̀. A tún un tẹ̀, a kò gba kọ́bọ̀. Ẹ wo ara yín nínú dígí, ẹ ní, "Ó ti bá mi mu wàyí." Ìyẹn kò sí nínú ohun tí ẹ kọ.

Ọmọbìnrin tí ẹ ní ó fi yín rẹ́rìn-ín kò tíì ju oṣù méjì lọ lọ́dọ̀ wa. Mo bi í. Ó ní ẹ̀yin lẹ sọ pé awò náà ń yọ̀ bí ọmọdé tó gun igi ìbẹ́pẹ, ọ̀rọ̀ yín ló pa òun lẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, kò yẹ kí ó rẹ́rìn-ín lójú àgbà. Mo ti bá a wí, yóò sì kúnlẹ̀ kí yín.

Àdéhùn tó wà lẹ́yìn rìsíìtì wa kò kan ohun tí ooru bá bà jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ mú un wá, a ó fún yín ní Làńtànà mìíràn ní 50, a ó ṣe dígí rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, a ó sì fi àpótí líle kún un kí ó má baà tún sùn sórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Bó bá sì jẹ́ pupa fòò lẹ fẹ́, a ó dá ₦48,000 yín padà láìṣẹ́ kọ́bọ̀ kù, kí ẹ dá férémù wa padà pẹ̀lú gbogbo ìlà rẹ̀.

Ìbéèrè kan ló kù. Àwòrán ọdún Iléyá tí ẹ fi síta ní ọjọ́ 6 Oṣù Kẹfà, èyí tí ẹ ti wọ léèsì búlúù tí Làńtànà wa wà lójú yín, ẹni mẹ́ta ti fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp pé irú rẹ̀ làwọn ń fẹ́, ìlà dúdú rẹ̀ pẹ̀lú. Ṣé kí a dá wọn lóhùn pé ẹ ti fẹ́ dá a padà?