Ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n

Àáfà, ẹ má bínú o, èyí tẹ́ ẹ sọ pé ọmọ ọdún mẹ́ta tí ò sọ̀rọ̀, ayé ló mú un lóhùn, pé tó bá jẹ́ àìsàn ni, tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ ì bá ti gbé e jáde, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kò sí tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ tó ń fi autism (ìṣòro ìdàgbàsókè ọpọlọ tó lè mú kí ọmọ pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀) hàn, dókítà á wo bó ṣe ń ṣeré, á bi ìyá ẹ̀ bó ṣe dàgbà. Down syndrome (ìṣòro àbímọ́ tó ń fa ìdàgbàsókè ọmọ sẹ́yìn) lẹ̀jẹ̀ lè jẹ́rìí sí, torí kromosóòmù 21 (ọ̀kan nínú àwọn okùn tíńtìntín tó gbé àbùdá wa) ló di mẹ́ta dípò méjì. Àmọ́ etí ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí ọmọ tí ò gbọ́ràn dáadáa lè má sọ̀rọ̀! Jọ́ńdíìsì tó le lára ọmọ tuntun (èyí tí wọ́n kàn ń gbé sóòrùn ṣáá nílé) lè ba etí jẹ́, ó lè ba ọpọlọ náà jẹ́. Ẹ ní kí wọ́n gbé e lọ UITH (ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin), hàǹtú ò ní sá lọ.